Ganvié lójú omi: báwo la ṣe ń bẹ ìlú onílùú wò kó má di ìwọ̀sí?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń dáwó láti lọ sí Ganvié, ìlú orí omi tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn Kérésì. Àríyànjiyàn ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní kí la fẹ́ lọ wò lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́lé sórí ẹrẹ̀. Àwọn kan ní àbùkù gbáà ni kí èèyàn sanwó lọ wo èèyàn bíi tirẹ̀ bí ẹni ń wo ẹranko nínú ọgbà. Èmi fẹ́ lọ, mo fẹ́ mọ àṣà wọn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ ṣe bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ta ló ti lọ rí? Báwo la ṣe máa ṣe é?

* * *

Ẹ lọ. Kí n ti sọ ìyẹn ná.

Mo ti dé Ganvié lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣe é bí kò ṣe yẹ. Ìgbà kejì, ọjọ́ méjì gbáko ni mo lò níbẹ̀, mo sì ní ẹni tí mo ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ títí dòní. Ohun tó wà láàárín ìgbà méjèèjì ni màá sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìbéèrè yìí, màá máa dá yín náà lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń lọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá wa lọ: orí adágún Nokoué ni Ganvié wà, kò jìnnà sí Kútọ̀nù. Tofinu ni wọ́n ń pe àwọn tó ni ín, èdè wọn sì bá Ègùn àti Fọ̀n tan. Ó ju 20,000 èèyàn lọ tó ń gbé ibẹ̀, nínú ilé tí wọ́n gbé ka orí òpó igi láàárín omi. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ lọmọ fi ń lọ síléèwé. Láti ọdún 1996 ni orúkọ ìlú náà ti wà lára àwọn ibi tí Benin ń fẹ́ kí UNESCO kà kún ogún àgbáyé.

Ẹni tó ní orí ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe torí wọn ò rí ilẹ̀ rà. Ẹni tó fẹ́ mú wọn tà ni wọ́n sá fún. Màá padà sórí ìyẹn, torí ó kan àwa ará Ọ̀yọ́ ju bí a ṣe rò lọ.

* * *

Ohun kan tí mo fẹ́ kó yé yín kí ẹ tó gbéra: ìgboro kò yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ bó ṣe yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa. Níhìn-ín, ẹ lè gba iwájú ilé mi kọjá lọ sí ọjà Akẹ̀sán láìrí ohun tí mò ń ṣe lẹ́yìn ilé. Ní Ganvié, omi tí ọkọ̀ yín ń gbà kọjá náà ni ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ lobìnrin ti ń fọ abọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà jókòó sí tó ń tún àwọ̀n ṣe, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀, torí ilé ara rẹ̀ ló wà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, àwa mọ́kànlá la wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan. À ń pariwo, à ń nàka sílé onílé. Ìyá ọmọ kan jókòó lórí àkàbà ilé rẹ̀, ó ń wẹ ọmọ. Ìgbì tí ọkọ̀ wa fà lọ gbá àkàbà náà, omi bò wọ́n dé àyà. Ó fa ọmọ mọ́ra, ọṣẹ ṣì wà lójú ọmọ náà tó ń ké. Kò bú wa. Ó kàn tẹjú mọ́ wa títí a fi kọjá. Gbogbo ohun tí amọ̀nà wí lọ́jọ́ náà ti kúrò lórí mi, ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn kò kúrò.

Nítorí náà, ẹ má kó ara yín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú ọkọ̀ kan. Ẹ pín ara yín sí mẹ́ta. Ẹ wá ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá àti àjẹ̀ wà, bó bá tiẹ̀ máa pẹ́ kó tó dé. Òun kì í da omi rú, kì í pariwo, ẹ ó sì gbọ́ ìlú: ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì lẹ rí, ẹ bẹ atukọ̀ kó rọra bó bá ti ń súnmọ́ ilé. Á gbọ́. Àwọn àlejò ló máa ń ní kó sáré.

* * *

Arákùnrin kan béèrè pé: "Màmá, ta ló ń gba owó náà? Bí a bá san án ní èbúté, ṣé ó ń dé ọwọ́ ará Ganvié?"

Ìbéèrè gidi nìyí. Èbúté Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà, bí èrò bá ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ọkọ̀ alájẹ̀ ni tàbí ẹlẹ́ńjìnnì. Ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà tó ní òun máa mú yín gba ẹ̀yìn, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owó rìsíìtì yẹn ti parí ọ̀rọ̀ àárín yín àti àwọn tó nílùú. Ohun tó ń dé ọwọ́ wọn tààrà ni ohun tí ẹ bá ná nínú ìlú fúnra rẹ̀: oúnjẹ tí ẹ rà lórí ọkọ̀, ilé tí ẹ sùn, amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Àwọn kan gbà pé amọ̀nà èyíkéyìí náà ni amọ̀nà. Mi ò gbà. Èyí tó mú wa lọ nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ìlú ńlá ni, ìtàn tó há sórí ló ń kà fún wa. Èyí tí mo bá lọ nígbà kejì, ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ tirẹ̀. Bó bá dé iwájú ilé kan, á kọ́kọ́ kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn, á wá sọ fún wọn pé àlejò òun nìyí. Ìkíni kan ṣoṣo yẹn ló yí ojú tí wọ́n fi ń wò wá padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má ná ọjà níbẹ̀ rárá torí pé tálákà ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ọlọ́jà ni wọ́n, wọn kì í ṣe alágbe. Ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná an ní Akẹ̀sán, kí ẹ sì rà á. Ẹni tó ná an, tó ná an, tó gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi ya fọ́tò tán, òun ló ṣẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kọ. Bí mo ṣe gbọ́ yín, ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín sí. Àwọn kan ní ìta gbangba ni, kò sẹ́ni tó lè ní kí àwọn má yà á. Àwọn kan ní kí ẹni tó bá yà á sanwó. Àwọn kan ní kí gbogbo èèyàn fi fóònù sílé.

Ẹ̀yin ìta gbangba, mo ti dá yín lóhùn lókè. Ẹ̀yìnkùlé ni.

Àwọn obìnrin tó ń tajà lójú omi níbẹ̀ máa ń dé akẹtẹ̀ ńlá nítorí oòrùn. Bí wọ́n bá rí kámẹ́rà, akẹtẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ bojú. Mo ti rí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kó lè ya ojú tó wà lábẹ́ akẹtẹ̀. Ó dùn mí. Ẹni tó fi akẹtẹ̀ bojú ti dá ọ lóhùn, kò sí èdè tí kò gbọ́ ìyẹn.

Lórí pé ká sanwó fún fọ́tò, èmi ò fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Mo ní bí a bá ń sanwó ojú, ojú á di ọjà, àwọn ọmọdé á sì fi iléèwé sílẹ̀ wá jókòó dè wá. Ẹnìkan wá bi mí nínú yín pé: "Bí ẹ bá dá iṣẹ́ èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fọ́tò yín lè dára, ta ló máa san ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn?" Ó bá mi níbi tó yẹ. Mo gbà báyìí pé bí ẹ bá dá apẹja tàbí ọlọ́jà dúró, ẹ san àsìkò rẹ̀ fún un, tàbí kí ẹ ra ọjà rẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Ti ọmọdé ni mi ò tíì yí padà lórí rẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé lówó fọ́tò, ẹ má sì ya ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ mọ̀.

Nígbà kejì tí mo lọ, mi ò yọ fóònù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àárọ̀ ni, obìnrin kan wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ẹ̀kọ tiwa gan-an, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé, ewé náà ṣì ń rú èéfín. Àkásà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo ra mẹ́rin, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí amọ̀nà ti kọ́ mi lédè Fọ̀n: "A wa nu." Obìnrin náà gbé akẹtẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó da ọ̀rọ̀ bò mí tí mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sì fi ẹja kékeré kan kún tèmi.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ o. "Wa" ni kéèyàn ṣe. "Nu" ni nǹkan. "A wa nu": o ṣe nǹkan. O ṣe ohun. O ṣeun! Ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ ní ilé méjì. Bí mo ṣe jẹ ẹ̀kọ yẹn tán ni mo ṣì ń tún un sọ lẹ́nu.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Kí là ń bẹ̀rù wọn sí? Ṣebí abẹ́ Aláàfin ni gbogbo ìlú yẹn wà látijọ́."

Bóyá ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn, torí ibi tí mo ní màá padà sí nìyí.

Ní ọdún 1724, Agaja ọba Dàhómì, ìyẹn ìjọba àwọn Fọ̀n, ṣẹ́gun ìjọba Allada. Ní 1727, ó gba Ouidah ní etí òkun, ibi tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ti ń kó ẹrú. Láyé ogun àti ẹrú yẹn ni àwọn tó di Tofinu fi ilẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bọ́ sójú omi. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu amọ̀nà ni pé òrìṣà àwọn jagunjagun Fọ̀n kọ̀ fún wọn láti jagun lójú omi. Mi ò bá ẹni tó gbà á bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ tún rántí pé orí ilẹ̀ ni ogun Dàhómì ti lágbára, ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà kò lè lé ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún orúkọ Ganvié fúnra rẹ̀ ni pé "a ti là á já."

Níbo ni Ọ̀yọ́ wà nígbà yẹn? Ní 1726, ẹṣin Ọ̀yọ́ wọ Dàhómì. Wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 1730, Dàhómì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, wọ́n sì tún fi ìdí àdéhùn náà múlẹ̀ ní 1748. Ó tó nǹkan bí ọdún 1823 kí Ghezo ọba Dàhómì tó kọ̀ pé òun ò san mọ́. Ìtàn ní lára ohun tí wọ́n ń kó wá lọ́dọọdún ni ọkùnrin 41, obìnrin 41 àti ìbọn 41.

Ẹ dúró lórí ìyẹn. Èèyàn méjìlélọ́gọ́rin lọ́dún. Níbo ni Dàhómì ti ń rí wọn? Ọba kì í kó ọmọ ilé ara rẹ̀ fi ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Ìlú kéékèèké tó yí i ká ló ti ń mú wọn, irú ìlú tí àwọn tó sá bọ́ sínú omi ti wá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi Aláàfin yangàn níbẹ̀, ká mọ ohun tí à ń fi yangàn. Ní tèmi o, nígbà tí amọ̀nà bi mí ìlú tí mo ti wá, tí mo ní Ọ̀yọ́, tó sì dákẹ́ díẹ̀, ojú tì mí.

Àwa náà sì sá o. A kì í sọ ọ́ tó. Ọ̀yọ́ tí à ń gbé yìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ ẹlẹ́ṣin yẹn. Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro ní àwọn ọdún 1830, àwọn baba wa gbé ẹrù wá sápá gúúsù, Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́. Ibi tí a sá wá là ń gbé. Nígbà tí mo sọ èyí fún amọ̀nà, ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá ní: "Ẹ̀yin náà là á já." Láti ìgbà yẹn la ti ń bára wa sọ̀rọ̀ bí èèyàn méjì.

* * *

Ọ̀nà: kò le. Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, ẹ gba ti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn ibodè, ẹ lè yà sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, tàbí kí ẹ lọ tààrà sí Kútọ̀nù. A kò nílò físà torí ECOWAS, ṣùgbọ́n ẹ mú páásìpọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ ṣẹ́ owó séfà. Ẹ má gbìyànjú kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ máa dé ibẹ̀ tó ti rẹ̀ yín, ìkanra nìkan lẹ máa bá lọ. Ẹ sùn sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọ̀nù, kí ẹ wọkọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Lẹ́yìn Kérésì dára, omi á ti fà díẹ̀.

Ẹ bo ara yín dáadáa. Oòrùn orí omi le ju ti orí ilẹ̀ lọ.

* * *

Ẹni tó fẹ́ gbé páálí bisikíìtì lọ fún àwọn ọmọdé, mo mọ̀ pé ọkàn rere ni. Ẹ má ju ohunkóhun sí ọmọ láti inú ọkọ̀. Mo rí i níbi tí ọmọ méjì ti ń lé ọkọ̀ àlejò nítorí súìtì, tí ọkọ̀ kékeré tiwọn fẹ́ẹ̀ dojú dé. Ọmọ ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n mọ ọkọ̀ wà ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n.

Ìwé àti bírò ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ohun tí wọ́n nílò kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Kò sídìí kí ẹ tò wọ́n kí ẹ máa pín in fún fọ́tò.

* * *

Mo rí i tí ẹ ń pè é ní "Fẹ́nìsì ti Áfíríkà," bíi Venice, ìlú orí omi tó wà ní Ítálì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe ìlú kejì ìlú òyìnbó kankan. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀.

* * *

Sista kan bẹ̀rù pé wọ́n máa mú àwọn dé ojúbọ, pé Krìstẹ́nì ni àwọn. Kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú yín bọ nǹkan. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, Vodun tí í ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn náà wà. Benin kò fi Vodun pamọ́, inú oṣù Kìíní ni ìsinmi ọdún rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, bí ẹ bá sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún ẹ lè bá a níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ kò sì ní ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀yọ́ kankan. Fá tiwọn, Ifá ni. Gu, Ògún ni. Legba ni Ẹlẹ́gbára. Xevioso tó ń sán àrá, ẹ mọ ẹni tó jọ láàfin wa.

Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ta màrìwò sí, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má yà á. Ìyẹn náà, ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ Yorùbá ni?

* * *

"Kí la wá máa kọ́ níbẹ̀ gan-an?" Ẹni tó béèrè èyí béèrè dáadáa, torí àṣà kì í ṣe ijó tí wọ́n ń jó fún àlejò nìkan.

Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé akájà fún yín. Bí ẹ bá ń lọ lójú adágún, ẹ ó rí ẹ̀ka igi tó pọ̀ tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n yí po bí ọgbà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé igbó tó kú ni. Oko ẹja ni. Adágún náà kò jìn, nítorí náà igi dúró nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ka náà bá pẹ́ nínú omi, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, ẹja á wá jẹ ẹ́, á sá pamọ́ sáàárín rẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á fa àwọn ẹ̀ka náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja á kù sínú àwọ̀n. Amọ̀nà ní kí n fọwọ́ kan ẹ̀ka kan. Ó ń yọ̀ bí ilá, ó tutù, nǹkan wínníwínní ń rìn lórí rẹ̀. Ó ní: "Oúnjẹ nìyẹn. Igi la gbìn, ẹja la kórè."

Wọ́n ń bára wọn jà lórí rẹ̀ náà o. Ẹni tí kò ní akájà ní ó ń gba ojú omi mọ́ àwọn tó ń fi àwọ̀n lásán pẹja, ó sì tún ń jẹ igi inú igbó tán. Ẹni tó ni ín ní láìsí i ẹja á tán. Mo jókòó gbọ́ ọkùnrin méjì níbi tí wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀, amọ̀nà ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. Ohun tí mo kọ́ nínú iyàn yẹn ju gbogbo àlàyé ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìlú bá ń jiyàn níwájú rẹ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́, o ti kúrò ní ẹni tó wá wòran.

Ẹ má fi ọkọ̀ gba àárín akájà, ẹ má sì fa igi rẹ̀ yọ. Oko olóko ni.

* * *

Ẹni tó ní kí n má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí ga bẹ́ẹ̀, pé ìrìn àjò afẹ́ lásán ni: ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ká mi lára.

Bàbá mi fín igbá ní Ìsàlẹ̀ Ìsọ̀nà títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Àlejò pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á dé, wọ́n á gbé igbá tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, wọ́n á yí i sókè yí i sódò, wọ́n á bi í ní èló, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ń jẹun lọ́wọ́, ẹnìkan wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó na kámẹ́rà sí ìka rẹ̀ tí ọ̀bẹ ti gé kúrú. Ìka yẹn nìkan ni. Bàbá mi fi ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ, kò sì lè jẹun mọ́ títí ẹni náà fi lọ. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, bí àwọn àgbà ṣe wí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń wò ríran.

Ẹlòmíràn wà tó wá, tó kí bàbá mi, tó jókòó sórí àpótí títí di ìrọ̀lẹ́ láìmú nǹkan kan jáde lápò. Ó ń béèrè: kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fín in? Kí ni ilà yìí? Bàbá mi fún un ní igbá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ sanwó, bàbá mi ò gbà.

Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín ní Ganvié pé: bó ṣe pé ilé bàbá mi ni mo wà yìí, ǹjẹ́ mo máa fẹ́ kí àlejò ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí?

* * *

Ẹ ní omi ibẹ̀ dọ̀tí: òótọ́ ni. Omi ibẹ̀ kò ṣeé mu, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ pọn èyí tí wọ́n ń mu sínú kẹ́ẹ̀gì. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò máa ń bo ojú rẹ̀ nígbà òjò, á sì kú nígbà tí iyọ̀ òkun bá wọlé láti Kútọ̀nù. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò nílò àlejò tó máa fi aṣọ bo imú kó wá sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá kọ nǹkan, kó dúpẹ́ kó sọ pé òun ti yó.

* * *

Ẹ ti ní kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí mo ń kí títí dòní.

Ọjọ́ kejì ni. Omi díẹ̀ wà nínú ọkọ̀, atukọ̀ wa sì ń fi igbá bù ú dànù. Igbá náà ti ya láti ẹnu dé ìdí, wọ́n sì ti fi òwú rán an. Mo tẹjú mọ́ ojú ìrán náà. Bí bàbá mi ṣe ń rán igbá tó bá ya nìyẹn, á fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òwú á gba ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Mo béèrè ẹni tó rán an. Ìyá òun ni.

Ó mú wa lọ sílé. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà lórí pákó ilé rẹ̀, omi ń ṣe ṣàù lábẹ́ wa. Amọ̀nà sọ fún un pé ọmọ onígbá ni mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé igbá mìíràn jáde tó ti ya tí kò tíì rí ẹni rán an, torí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbé e sí mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú àwọ̀n.

Mo rán an. Ó tó ogójì ọdún tí mo ti ṣe é gbẹ̀yìn, ọwọ́ mi sì ń falẹ̀. Ìyá ń fi ìka rẹ̀ tọ ojú ìrán náà bí mo ṣe ń lọ, bí ibì kan bá dẹ̀ ó máa fi èékánná kàn án, màá tú u, màá tún un rán. Nígbà tí mo parí, ó bu omi adágún kún inú rẹ̀, ó gbé e sókè, a jọ ń wo ìdí rẹ̀.

Kò jò.

Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi. Amọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀, màá bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ sì bá mi ra òwú dání, mo mọ ẹni tí ẹ máa fún.